Ìgbà wo gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì Lọ́ńdọ̀nù sí Èkó tówó ò bá pọ̀ lọ́wọ́

Ọdọọdún, tó bá ti di ìparí Ọ̀kítóbà, fóònù mi ò ní sinmi. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi wá tíkẹ́ẹ̀tì tí ò wọ́n, mo fẹ́ lọ sílé fún Kérésì." Tí mo bá bi wọ́n pé ọjọ́ wo, wọ́n á ní 18 Dìsẹ́ńbà, káwọn padà ní 3 Jánúárì torí ilé ìwé àwọn ọmọ. Àánú wọn máa ń ṣe mí, torí ọjọ́ tí wọ́n dá yẹn ni gbogbo ọmọ Yorùbá tó wà ní Peckham, Manchester àti Dublin fẹ́ wọ bàálù, ohun tí wọ́n sì ń wá ní Ọ̀kítóbà yẹn, àwọn tó rà á ní Méè ti kó o lọ.

Èmi kì í ṣe ẹjẹ́ńtì o. Iṣẹ́ kéà ni mò ń ṣe, ṣífù alẹ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀, mo bímọ méjì, a sì máa ń lọ sílé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún tàbí ká fo ọdún kan. Owó ara mi ni mo fi kọ́ gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mo ti ra ọ̀wọ́n rí, mo ti ra ọ̀pọ̀ rí, mo sì ti wá rí i pé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ kì í ṣe oríire. Ẹni tówó ò pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti mọ oṣù tó máa rà á àti iye tó máa san kó tó gbé fóònù. Tó bá jẹ́ ìgbà tẹ́ ẹ dé orí fóònù lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pinnu, iye tí wọ́n bá gbé síwájú yín náà lẹ máa san.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ọjọ́ tó ṣeé yẹ̀ àti èyí tí ò ṣeé yẹ̀

Ẹ mú bébà. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ lọ ṣe nílé síbẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ tó pẹ́ jù tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ti débẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ tó yá jù tẹ́ ẹ lè kúrò níbẹ̀. Tí àbúrò yín bá ń ṣègbéyàwó ní Sátidé, ọjọ́ ìgbéyàwó ò ṣeé yẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tẹ́ ẹ máa dé ṣeé yẹ̀. Wẹ́sìdè sí Fúráìdè làwọn tó ń lọ òde máa ń já, tẹ́ ẹ bá lè gbéra ní Mọ́ńdè tàbí Túsìdè, ìyàtọ̀ ẹ̀ lè tó owó aṣọ ẹbí.

Ẹ má gbà fún ẹbí tó bá ń sọ pé "ìparí ọdún ni, a ó pè yín". Láti Fẹ́búárì ni mo ti máa ń pe ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ọjọ́ wo ni wọ́n ti san owó họ́ọ̀lù sí?" Mi ò ní bi wọ́n léèrè ọjọ́ tí wọ́n ń rò, ọjọ́ tí wọ́n sanwó sí ni mò ń bi wọ́n, torí èyí tí wọ́n ń fẹnu sọ lè yí padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, èyí tí wọ́n ti sanwó fún kì í sáábà yí.

Lẹ́yìn ìyẹn, lífù. Níbi iṣẹ́ tèmi, 1 April ni lífù ọdún tuntun ń bẹ̀rẹ̀, tó bá sì fi máa di Júùnù àwọn tó gbọ́n ti gba Kérésì tán. Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì kí mánéjà tó fọwọ́ sí lífù o, kí wọ́n fọwọ́ sí i lórí ìwé tàbí nínú ímeèlì, èyí tó bá kàn fi ẹnu sọ pé "kò sí wàhálà" ò tó nǹkan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ nílé ìwé ní England, ẹ ṣírò fáìnì mọ́ ọn kẹ́ ẹ tó sọ pé ẹ máa yọ wọ́n lọ́sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ ìpadé. Láti Ọ́gọ́ọ̀sì 2024, ọmọ tó bá pàdánù ọjọ́ márùn-ún láìgba àyè, £80 ni wọ́n lè bu fún òbí kọ̀ọ̀kan lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, tẹ́ ẹ bá sì jẹ́ kó kọjá ọjọ́ 21 ó di £160. Bàbá àti ìyá tó lọ́mọ méjì, £320 nìyẹn tí wọ́n bá tètè san án. Ohun tẹ́ ẹ rò pé ẹ jèrè lára tíkẹ́ẹ̀tì lè bá ibẹ̀ lọ.

Bí wọ́n ṣe ń tà á

Ibì kan náà ni gbogbo wa máa ń jókòó sí nínú bàálù, oúnjẹ kan náà la ń jẹ, ṣùgbọ́n owó tá a san ò dọ́gba. Ìdí ni pé wọ́n ti pín àwọn ìjókòó yẹn sí òkìtì òkìtì, bí ìyá alátà ṣe ń pín ata sórí àtẹ ní Ọ̀yìngbò, wọ́n wá fi lẹ́tà sọ òkìtì kọ̀ọ̀kan lórúkọ, òkìtì kọ̀ọ̀kan ló sì ní iye tiẹ̀. Èyí tí ò wọ́n ló máa ń kọ́kọ́ tán, wọ́n á wá bọ́ sórí èyí tó tẹ̀ lé e. Ibi tó ti yàtọ̀ sí ọjà wa rèé, ó sì dà bíi pé ibẹ̀ ló ti ń tan ọ̀pọ̀ nínú wa jẹ: a ti mọ́ ọn lára pé tó bá di ìrọ̀lẹ́ ìyá alátà á dínwó, torí ata lè bà á lọ́wọ́. Ìjókòó Dìsẹ́ńbà kì í dínwó nírọ̀lẹ́. Ẹni tó ń tà á mọ̀ pé ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ẹni tó bá ń wá a, àpàpàǹdodo ló máa rà á, ẹni tí bàbá ẹ̀ kú ni, ẹni tí ìyàwó ń dúró dè ni, kò sí iye tí wọ́n pè tí ò ní san. Ìjókòó tó máa ń dínwó nírọ̀lẹ́ ni ti Fẹ́búárì tàbí Nòfẹ́ńbà, ìgbà tí bàálù ń fò tí kò kún, ìyẹn náà ò sì dájú.

Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ bàálù ló máa ń gbé ìjókòó sórí àtẹ ní nǹkan bí 330 sí 355 ọjọ́ ṣáájú ọjọ́ ìrìnàjò, ìyẹn ni pé tíkẹ́ẹ̀tì Kérésì tó ń bọ̀ ti wà nílẹ̀ láti Jánúárì. Kò wá túmọ̀ sí pé ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí i náà ló dáa jù o. Nígbà míì wọ́n á kọ́kọ́ fi iye ńlá lé e, wọn ò tíì dá ẹnikẹ́ni lóhùn, tó bá yá wọ́n á tú òkìtì kékeré sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ máa wò ó kẹ́ ẹ tó rà á, màá débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pé Túsìdè ni kéèyàn rà á, tàbí aago méjì òru, tàbí pé kẹ́ ẹ lo incognito kí ẹ̀rọ má baà dá yín mọ̀, èmi ti dán gbogbo ẹ̀ wò, mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ọjọ́ tẹ́ ẹ fò ló ń yí owó padà, kì í ṣe ọjọ́ tẹ́ ẹ jókòó tì í.

Ohun kan wà tó ń ṣiṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Ká ní ẹ jẹ́ mẹ́rin, ó wá ku ìjókòó méjì péré nínú òkìtì £650, tí òkìtì tó kàn jẹ́ £780. Tẹ́ ẹ bá ní kí ẹ̀rọ wá ẹni mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní fún yín ní méjì níhìn-ín méjì lọ́hùn-ún, gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló máa gbé sórí £780, £3,120 nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ wá ẹnì kan, ẹ wo iye ẹ̀, ẹ wá ẹni méjì, ẹ wò ó, ẹ wá ẹni mẹ́rin. Tí iye tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan bá fò sókè, ẹ rà á ní méjì méjì: £1,300 àti £1,560, £2,860 ni. £260 ti kù sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n kí àgbàlagbà kan àti ọmọ kan wà nínú ìkọ̀ọ̀kan o, kẹ́ ẹ sì pe ilé iṣẹ́ bàálù lẹ́yìn náà pé ẹbí kan ni wá, kí wọ́n kọ ọ́ mọ́ méjèèjì, torí tí wọ́n bá yí àkókò padà, kí wọ́n má lọ gbé ìyá sọ́tọ̀ kí wọ́n gbé àwọn ọmọ sọ́tọ̀.

Kàlẹ́ńdà tí èmi ń lò

Kérésì ló le jù, torí ẹ̀ màá pẹ́ lórí ẹ̀. Láti nǹkan bí 10 Dìsẹ́ńbà títí wọ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú Jánúárì, kò sí ìgbà tó wọ́n tó o. Fẹ́búárì ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó, àárín Éépírìlì sí Júláì ni mo máa ń rà á. Tí Júláì bá kọjá tẹ́ ẹ ò tíì rà á, ẹ má jẹ́ kí Ọ́gọ́ọ̀sì tán. Tí Ọ́gọ́ọ̀sì náà bá tán, ẹ gba èmi gbọ́, ẹ má dúró de Black Friday, ẹ̀dínwó ìparí Nòfẹ́ńbà yẹn, àwọn tó ń ṣe ẹ̀dínwó máa ń yọ ọjọ́ Kérésì kúrò nínú ẹ̀, ẹ lọ ka ọ̀rọ̀ kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Ohun tó kù fún yín ni kẹ́ ẹ yí ọjọ́ padà: kẹ́ ẹ lọ kó tó di 8 Dìsẹ́ńbà, tàbí kẹ́ ẹ wọ bàálù lọ́jọ́ Kérésì fúnra ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò fẹ́ fò, tàbí kẹ́ ẹ padà lẹ́yìn 12 Jánúárì. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń jà lórí ọjọ́ àlọ, ó sì jẹ́ pé àbọ̀ ló gbówó lórí jù, ìparí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú Jánúárì yẹn, gbogbo ayé ló fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ wo àlọ àti àbọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kẹ́ ẹ lè mọ èyí tó ń pa yín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ rí ìyá yín lásán, tí kì í ṣe òde kan pàtó lẹ ń lọ, ẹ gbọ́ èyí. Ní Dìsẹ́ńbà, ìhà kan ni bàálù máa ń kún sí. Lọ́ńdọ̀nù sí Èkó ló ń kún, nígbà tó bá di Jánúárì ó di Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó bá gbéra láti Èkó ní àárín Dìsẹ́ńbà tó sì padà sílé ní Jánúárì, òdìkejì èrò ló ń lọ, tíkẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ kì í sáábà wọ́n tó tiwa. Ní ọdún tí Mọ́mì mi ní físà tó ṣì dáa, mo ṣírò ẹ̀: èmi àti ọmọ méjì lọ bá wọn, àbí àwọn nìkan wá bá wa? Àwọn ni wọ́n wá. Wọ́n jẹ mọ́ínmọ́ín ọjọ́ Kérésì nínú yàrá ìdáná mi, pẹ̀lú àwọ̀tẹ́lẹ̀ méjì àti súwẹ́tà bàbá àwọn ọmọ lọ́rùn, wọ́n ń pariwo òtútù, inú gbogbo wa sì dùn.

Òpin Júláì sí ìparí Ọ́gọ́ọ̀sì náà máa ń wọ́n, ìsinmi ilé ìwé ló fà á, Jánúárì sí Máàṣì ni kẹ́ ẹ rà á. Àjíǹde, oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ṣáájú.

Ìgbà tó rọrùn jù ni àárín Jánúárì sí Máàṣì, Méè tẹ́ ẹ bá yọ ọ̀sẹ̀ half-term (ìsinmi àárín táàmù ilé ìwé) kúrò, àti ìparí Sẹ̀tẹ́ńbà títí di Nòfẹ́ńbà. Fún ìwọ̀nyí, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́wàá ṣáájú ti tó, ibẹ̀ ni ẹ̀dínwó Jánúárì àti ti Black Friday ti máa ń wúlò lóòótọ́. Tí iṣẹ́ yín bá gbà á, tẹ́ ẹ ò sì ní ọmọ nílé ìwé, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò, ẹ fi Dìsẹ́ńbà sílẹ̀ fún àwọn tí ò ríbi yẹ̀ ẹ́ sí.

Ọ̀rọ̀ Iléyá yàtọ̀, torí ọdọọdún ló ń fi nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá sí mọ́kànlá sún síwájú. Ní 2024, 16 Júùnù ni, ní 2025, 6 Júùnù. Ní 2026 ó ti sún dé ìparí Méè, ó bọ́ sínú half-term gan-an, ní 2027 ó máa wà ní nǹkan bí àárín Méè. Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú tẹ́ ẹ kì í fẹ́ pàdánù Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá ni, èyí dára fún yín, tó bá di 2027 ọdún á ti kúrò nínú ìsinmi ilé ìwé yẹn, owó á sì máa rọ̀ yín lọ́rùn. Oṣùpá lè yí i ní ọjọ́ kan, torí náà ẹ fi ọjọ́ méjì sí iwájú ẹ̀.

Ìwé kékeré alẹ́ Sọ́ńdè

Báyìí ni mo ṣe ń mọ̀ pé iye kan dáa. Mo ní ìwé kékeré kan nínú dúrọ́wà, alẹ́ Sọ́ńdè, tí mo bá ti ṣe oúnjẹ ọ̀sẹ̀ tán, màá ṣí Google Flights, màá fi ọjọ́ kan náà wá a, màá kọ iye mẹ́ta: èyí tó ń lọ tààrà, èyí tó dúró níbì kan, èyí tó dúró níbì kan pẹ̀lú báàgì méjì. Mo máa ń tan Track prices náà kí wọ́n máa fi ímeèlì ránṣẹ́ sí mi, ṣùgbọ́n ìwé yẹn ni mo gbà gbọ́ jù torí ojú mi ló ń rí bó ṣe ń lọ bó ṣe ń bọ̀. Ojú ìwé kan tó ṣì wà níbẹ̀, lórí ọ̀kan nínú iye mẹ́ta yẹn, kà báyìí: £742, £742, £715, £760, £698, £731. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo ti wá mọ ilẹ̀ ẹ̀, mo ti mọ òkè ẹ̀. Mo fa ìlà sábẹ́ ẹ, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé "£710 tàbí kó wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, san án". Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀ ó di £704, mo san án lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mi ò dúró kí £698 padà wá, torí £6 ò tó ohun tí mo máa fi oorun mi ṣeré lé lórí.

Bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe é. Ẹ wò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí àyè bá wà, mẹ́ta tí kò bá sí, ẹ kọ iye tẹ́ ẹ máa san sílẹ̀ kó tó dé, tó bá dé ẹ san án. Tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá pé tí iye tó kéré jù tẹ́ ẹ rí ṣì ju agbára yín lọ, ẹ má sọ pé ẹ máa dúró sí i. Ẹ yí ọjọ́ padà, tàbí ẹ yí oṣù padà.

Àjọ

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní, àǹtí, ẹ ní ká rà á ní Méè, owó dà ní Méè? Òótọ́ ni. Dìsẹ́ńbà la fẹ́ fò, ó sì jẹ́ pé Nòfẹ́ńbà lowó máa ń pé. Ohun tó yọ mí ni àjọ. Àwa mẹ́wàá la jọ ń dá a, £120 lóṣù, £1,200 ni ẹni tó bá kàn ń kó. Nígbà tá a bá ń pín nọ́ńbà, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń jà du Dìsẹ́ńbà kí wọ́n lè fi ṣọdún. Èmi a máa bẹ ìyá àjọ pé kí wọ́n fún mi ní oṣù karùn-ún tàbí ìkẹfà, wọn kì í bá mi du ú rárá. Owó tó bá wọlé ní Júùnù ló ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, èyí tí mò ń dá lọ títí àjọ fi parí, ó ti di gbèsè tí ò ní èlé. Ẹ fi wé àwọn tó ń sọ pé kẹ́ ẹ fò báyìí kẹ́ ẹ máa san díẹ̀díẹ̀, ẹ ka iye tẹ́ ẹ máa san lápapọ̀, kì í ṣe ti oṣù kan.

Ẹ ṣírò gbogbo ẹ̀ kẹ́ ẹ tó ní ó pọ̀

Ìyàtọ̀ £120 láàárín bàálù tó lọ tààrà àtèyí tó dúró ní Casablanca, Istanbul, Cairo tàbí Addis Ababa lè jẹ́ èrè, ó sì lè jẹ́ àdánù. Báàgì mélòó ló wà nínú ẹ̀? Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń lọ sílé pẹ̀lú báàgì kan. Aago mélòó ló máa balẹ̀ sí Èkó? Tó bá balẹ̀ lóru, tó sì jẹ́ Àkúrẹ́ tàbí Òṣogbo lẹ ń lọ, ẹ máa sùn sí Ìkẹjà, ẹ fi owó hòtẹ́ẹ̀lì kún un, èmi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó wọ ojú títì Ìbàdàn lóru torí àtidín owó kù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, tí tíkẹ́ẹ̀tì bá gba Paris, Amsterdam tàbí Frankfurt, ẹ dúró ná. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń béèrè físà lọ́wọ́ wọn kódà tó bá jẹ́ éápọ̀ọ̀tù nìkan ni wọ́n fẹ́ gbà kọjá. Físà Bìrìtìkó nìkan lè má tó. Ẹ wádìí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó, torí orí káúńtà ni wọ́n á ti dá yín padà, owó náà ò sì ní padà. Ẹ wo eVisa yín pẹ̀lú, ìyẹn físà Bìrìtìkó tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tẹ́ ẹ bá ti gba pásípọ́ọ̀tù tuntun ẹ lọ fi nọ́ńbà ẹ̀ sínú àkáǹtì yín lọ́dọ̀ UKVI, àwọn tó ń bójú tó físà níbí.

Owó orí kan tún wà tí ìjọba Bìrìtìkó ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá gbéra láti ibí, Air Passenger Duty. Fún Èkó, tó jìnnà ju 2,000 máìlì lọ tí kò sì tó 5,500, £90 ni ní ìjókòó lásán (economy) láti April 2025, ó di £102 láti April 2026. Ọmọ tí kò tíì pé 16 kì í san án ní ìjókòó lásán. Àwọn ilé iṣẹ́ bàálù kan máa ń ka ọmọ ọdún 12 sí 15 mọ́ àgbàlagbà, ibi tẹ́ ẹ ti ń kọ ọjọ́ orí, ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí, kẹ́ ẹ wá wo owó orí nínú àlàyé iye kẹ́ ẹ rí i pé wọ́n yọ ọ́.

Alẹ́ tẹ́ ẹ máa sanwó

Pásípọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan ní ojú tábìlì. Ẹ kọ orúkọ bó ṣe wà níbẹ̀ gan-an, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, orúkọ wa gùn, ẹ má gé Oluwafunmilayo sí Funmi, ẹ má fi orúkọ ọkọ síbi tí pásípọ́ọ̀tù ṣì ti ń jẹ́ orúkọ bàbá. Àtúnṣe orúkọ lè gbówó ju báàgì lọ.

Tẹ́ ẹ bá ní kírẹ́dítì káàdì tẹ́ ẹ sì mọ̀ pé ẹ máa san án tán lóṣù yẹn, ẹ lò ó, ẹ rà á tààrà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ bàálù. Òfin Consumer Credit Act ti 1974, Section 75, ní kí báńkì náà dáhùn tí ohun tẹ́ ẹ rà, tó ju £100 lọ tí kò ju £30,000, ò bá tẹ̀ yín lọ́wọ́. Tí ẹlòmíì bá wà láàárín, ààbò yẹn lè já.

Ọ̀rọ̀ ẹlòmíì láàárín yìí ló kan mí gan-an. Lọ́dún kan, mo gbé owó fún ẹjẹ́ńtì kan, ó fi lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́fà ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, mo fi wá orúkọ mi lórí wẹ́ẹ̀bù ilé iṣẹ́ bàálù, mo rí i, mo dúpẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀ mo tún wá a, kò sí ńbẹ̀ mọ́. Ó kàn di ìjókòó mú fún mi ni, kò sanwó ẹ̀, àkókò ti lọ. Ó dá owó mi padà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìpè, ṣùgbọ́n iye ti fi £190 gbéra. Látìgbà náà, ohun tí mo ń bèèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá bá mi ra nǹkan ni nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà mẹ́tàlá ni. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ń sọ ilé iṣẹ́ tó ni ín, 125 ni ti British Airways, 932 ni ti Virgin Atlantic, 147 ni ti Royal Air Maroc, 071 ni ti Ethiopian. Kóòdù mẹ́fà ń sọ pé wọ́n di ìjókòó mú, mẹ́tàlá ń sọ pé wọ́n ti sanwó. Ẹ má sùn tẹ́ ẹ ò bá tíì rí mẹ́tàlá.

Tí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ lè yí ọjọ́ padà lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ mọ̀ pé owó àyípadà nìkan ni wọ́n yọ. Tí ọjọ́ tuntun bá wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ ṣì máa san ìyàtọ̀ ẹ̀.

Tí ìpè bá dé lójijì

Gbogbo ohun tí mo sọ lókè yìí, ikú kì í dúró de ìwé kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ mí ná. Tó bá jẹ́ Mùsùlùmí ni wá, ọjọ́ kan náà ni wọ́n máa sìnkú, kò sí bàálù tó lè gbé yín débẹ̀, ẹ má wá fi £1,500 lé afẹ́fẹ́. Ẹ bi ẹbí bóyá fídáù ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n máa ṣe gan-an àbí ogójì ọjọ́, tó bá jẹ́ ogójì ọjọ́, àyè wà láti wá iye tó dáa. Tó bá jẹ́ Kristẹni, ẹbí ló máa fi ọjọ́ sí i, ẹ tètè sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé ẹbí kí wọ́n tó tẹ ìwé, ẹ bẹ̀ wọ́n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí wọ́n má mú un sí Dìsẹ́ńbà. Àwọn àgbà á gbọ́ tẹ́ ẹ bá fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, tẹ́ ẹ sì sọ iye tí ìyàtọ̀ ẹ̀ máa jẹ́ àti ohun tó lè ṣe níbi ìnáwó.

Tó bá sì jẹ́ àìsàn, tó jẹ́ pé ojú lẹ fẹ́ rí, ẹ lọ. Ẹ ra àlọ àti àbọ̀ pọ̀, torí lọ́pọ̀ ìgbà àlọ nìkan kì í dín púpọ̀ sí méjèèjì, ẹ mú èyí tí ọjọ́ àbọ̀ ẹ̀ ṣeé yí. Ẹ má pa àlọ jẹ láé pé àbọ̀ lẹ máa lò, tẹ́ ẹ ò bá wọ ti àkọ́kọ́, wọ́n á fagi lé ìyókù.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti rà á, ẹ máa ka ímeèlì wọn títí ọjọ́ á fi pé. Ẹni tó rà á ní Júùnù fún Dìsẹ́ńbà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n yí aago padà mọ́ ọn lọ́wọ́. Tí àyípadà náà bá pọ̀, tàbí tí wọ́n fagi lé bàálù yẹn, ẹ má kàn tẹ "mo gbà". Ẹ pè wọ́n. Mo ti fi irú ìpè bẹ́ẹ̀ sún 20 Dìsẹ́ńbà wá sí 17, láìfi kọ́bọ̀ kún un, ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta sí i nílé Mọ́mì.